Mẹkáníìkì Ni Chevrolet Fúnra Rẹ̀

Bí àwa arúgbó mẹ́ta bá ti jókòó pọ̀ lábẹ́ àtíbàbà níbi ìnáwó, ìbáà jẹ́ ní Lálùpọn tàbí ní Mọ́níyà, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé, ọ̀rọ̀ ti di ti mọ́tò tí a wà nígbà èwe. Ẹnì kan á ní Opel Rekord tòun kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíràn á dárúkọ Peugeot 404. Ẹnìkẹta, bó bá jẹ́ èmi ni, á dákẹ́ títí wọ́n á fi sọ tán, á wá ní, "Ẹ ò tíì mọ mọ́tò. Chevrolet Impala lèmi wà." Gbogbo wọn á pariwo, nítorí mọ́tò Amẹ́ríkà ni ọba nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń pín omi á dúró gbọ́ wa. Èmi náà á wá sọ bó ṣe gùn ju mítà 5 lọ, bí iná ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe jẹ́ mẹ́fà róbótó róbótó, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, bí àgbàlagbà mẹ́ta ṣe ń jókòó síwájú tí ara wọn kò kan ara wọn. A ó wá parí rẹ̀ sí i pé ayé ti bàjẹ́, pé mọ́tò ìsinsìnyí kò yàtọ̀ sí agolo mílíìkì.

Mo ti sọ ìtàn yìí fún bí ogójì ọdún. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ níhìn-ín pé irọ́ wà nínú rẹ̀. Mọ́tò náà dára, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹni tí a máa ń yọ kúrò nínú ìtàn náà ló sọ ọ́ di irọ́. Èmi kọ́ ni mo mú Impala yẹn rìn fún ọdún 17. Mẹkáníìkì ló mú un rìn, orúkọ iṣẹ́ mẹkáníìkì yìí kan náà sì ni àwa olùkọ́ àti òbí fi ń dẹ́rù ba ọmọ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n tún ìtàn náà sọ bó ṣe yẹ kí n ti máa sọ ọ́.

Mo ra mọ́tò náà ní 1971. Olùkọ́ Gíréèdì Túù ni mí nígbà náà ní abúlé kan lẹ́yìn Lálùpọn. Owó àjọ àti owó tí mo yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni mo pa pọ̀. Ará Amẹ́ríkà kan tó fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀ láti Ìbàdàn ló tà á fún mi, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní 1964 ni. Kò wọ́n, nítorí pé àwọn tó lówó jù mí lọ ti kọ̀ ọ́. Apá òsì ni sìtíárìn rẹ̀ wà. Nígbà yẹn, apá òsì títì ni gbogbo Nàìjíríà ń gbà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ wa, apá ọ̀tún sì ni sìtíárìn ọkọ̀ tiwa máa ń wà. Bí mo bá fẹ́ kọjá lára bọ̀lẹ̀kájà lójú ọ̀nà Ìwó, àfi kí ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún mi bá mi yọjú wò bóyá ọkọ̀ ń bọ̀ níwájú. Ìyàwó mi ló máa ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ó ní òun kò mọ̀ pé kọ̀ńdọ́kítọ̀ ni òun wá fẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, ọjọ́ Àjíǹde gan-an ni, ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún. Gbogbo orílẹ̀-èdè yí padà, ọkọ̀ tèmi kò yí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, mọ́tò tí wọ́n fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ di èyí tí wọ́n ń béèrè iye tí mo fẹ́ tà á.

Bọ̀lẹ̀kájà tí mo dárúkọ yẹn náà, ẹ̀jẹ̀ Amẹ́ríkà wà lára rẹ̀. Ní England ni wọ́n ti ń ṣe Bedford, ṣùgbọ́n General Motors ará Amẹ́ríkà, tó ni Chevrolet, ló ni ilé-iṣẹ́ náà. Ara ọkọ̀ akẹ́rù Chevrolet ni wọ́n ti yọ Bedford àkọ́kọ́ tó jáde ní 1931. Ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń wá láti òkè òkun. Àwọn kápẹ́ńtà tiwa ló ń fi pákó kan ilé lé e lórí, àwọn oníkọ̀wé tiwa ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí i lára, òun ló sì ń kó kòkó kúrò ní àwọn abúlé wa. Mo fi èyí sọ́kàn yín nítorí ohun tí mo fẹ́ bọ́ sí: ìgbà kan wà tí ìdajì mọ́tò tó ń rìn lójú ọ̀nà wa jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa.

Kí n má sì parọ́, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló rẹ́rìn-ín sí Impala mi. Ogun Àgbẹ̀kòyà ò tíì tutù. Ní 1968 àti 1969 tí àwọn àgbẹ̀ Akánrán, Ẹgbẹ́dá àti agbègbè tiwa ní àwọn kò ní san owó-orí tó ń pa wọ́n, mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ tó bá wọ abúlé, agbowó-orí tàbí ọlọ́pàá ni wọ́n gbà pé ó wà nínú rẹ̀. Bàbá àgbẹ̀ kan wo mọ́tò mi títí, ó ní, "Tíṣà, kòkó mélòó nìyí?" Ẹ fi ìyẹn kún ìtàn yín lábẹ́ àtíbàbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Oṣù kẹta tí mo ra mọ́tò náà ló dákú lójú ọ̀nà Ìwó. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tó dé ìdí rẹ̀ tú gbogbo wáyà púlọ́ọ̀gì, ó tò wọ́n padà bó ṣe ń ṣe ti Morris, láti ìgbà náà ló ti di pé bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á wúkọ́, á yìnbọn, á dákẹ́. Wọ́n ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níwájú tó mọ iṣẹ́. Wọ́n lọ pè é wá. Ó yọ jáde nínú aṣọ tó ti dúdú fún ọ́yìlì, ó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. "Ẹ káàsán, Tíṣà."

Mo dá a mọ̀. Ọmọ alágbẹ̀dẹ abúlé wa ni. Ní 1967 ó jókòó sí kíláàsì mi, ìwé kò wọ̀ ọ́ lórí, tàbí kí n sọ pé bí mo ṣe ń kọ́ ọ kò wọ̀ ọ́ lórí. Lọ́jọ́ kan tó ṣi ìṣirò kan, mo mú un síwájú kíláàsì, mo ní, "Ẹ wo ẹni tí yóò máa sùn sábẹ́ mọ́tò láyé rẹ̀." Gbogbo ọmọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ní ìparí ọdún yẹn, bàbá rẹ̀ mú un kúrò ní ilé-ìwé.

Ó dìde nílẹ̀, ó sì wọ abẹ́ mọ́tò mi.

Kò sọ ohunkóhun nípa ọjọ́ yẹn, kò sì tíì sọ ọ́ títí di òní. Ó yẹ gbogbo wáyà wò, ó ní wọ́n ti pín wọn ní ìpín ẹlòmíràn, pé olúkúlùkù sílíńdà ní àkókò tí iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé, òun kò sì mọ bí ti Amẹ́ríkà ṣe ń tẹ̀léra. Mo rántí pé òyìnbó tó ta ọkọ̀ fún mi kó ìwé ńlá kan sí búùtù, ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà. Mo gbé e wá. Òun kò lè kà á, Gẹ̀ẹ́sì ni. Èmi kà á, n kò sì mọ ohun tí mo ń kà. Mo dé ibì kan tí wọ́n ti kọ 1-5-3-6-2-4. Mo rò pé nọ́ńbà ojú ewé ni, mo sì fẹ́ fò ó.

"Ẹ dúró, sà. Ẹ tún ìyẹn kà."

Mo tún un kà. Ó fi ọwọ́ tọ́ wáyà láti orí dé ìdí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ọ́ lábẹ́nu: ọ̀kan, márùn-ún, mẹ́ta, mẹ́fà, méjì, mẹ́rin. Ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì náà gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń dún jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀.

Àwọn baba wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Láti ọjọ́ yẹn títí di 1988, bí nǹkan kan bá ṣe Impala, ọ̀nà kan náà ni a ń gbà ṣe é: èmi á jókòó sórí àpótí, ìwé á wà lórí ẹsẹ̀ mi, òun á wà lábẹ́ mọ́tò. Èmi á kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, á sọ ọ́ ní Yorùbá, òun á sọ bóyá ohun tí mo sọ lè rí bẹ́ẹ̀ tàbí n kò gbọ́ ìwé náà yé. Ìwé ní àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.035 ínṣì. Mo bi í pé báwo ni yóò ṣe wọn ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ó ti ń lo irin pẹlẹbẹ kan tó mọ̀ pé ó ṣe wẹ́kú fún irú púlọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀ kí n tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ti mọ ìwọ̀n náà, kò mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Mọ́tò náà dúró nígbà tí gíà rẹ̀ fọ́. Ètò SAP ti dé ní 1986, náírà ti já wálẹ̀, gíà kan ṣoṣo láti Amẹ́ríkà sì ju owó oṣù mi fún ọdún kan lọ. A tì í sẹ́yìn ilé. Ibẹ̀ ló wà.

Ìtàn mi nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ tiyín.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé: "Bí o ò bá kàwé, iṣẹ́ mẹkáníìkì ni wàá lọ kọ́." Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ ní kíláàsì, èmi ni mo sì kọ́ àwọn kan nínú yín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: "Olódo, ìdí mọ́tò ló yẹ ọ́." Kí ló ń ti ibẹ̀ jáde? Ọmọ tí orí rẹ̀ pé nídìí ìwé á máa sá fún ọ́yìlì bí ẹni tó ń sá fún ẹ̀tẹ̀. Ọmọ tí a bá sì fi sẹ́nu iṣẹ́ á gbà pé ìwé ti parí fún òun títí ayé, nítorí a ti sọ fún un pé ibi tí ìwé bá parí sí ni iṣẹ́ mẹkáníìkì ti ń bẹ̀rẹ̀. A fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ba ọmọ méjì jẹ́.

A kò jogún èyí lọ́wọ́ baba wa. Kò sẹ́ni tó ń pe alágbẹ̀dẹ ní olódo láyé àtijọ́. Ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko, àdá tí ọdẹ mú wọ igbó, ọ̀bẹ ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá, Ògún tí gbogbo awakọ̀ ń bẹ̀rù sì ni òrìṣà rẹ̀. Bàbá ọmọ tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, ọba kò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé-ìwé ló kọ́ wa pé ẹni tó mú kálámù ló ní ọgbọ́n, ẹni tó mú òòlù kò ní.

Àwọn òyìnbó tí a ní a ń fara wé gan-an kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo "Chevrolet!" lábẹ́ àtíbàbà, ṣé ẹ mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni? Louis Chevrolet ni. Switzerland ni wọ́n ti bí i ní 1878. Ó ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe kó tó di ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe, kó tó wá di ẹni tó ń fi mọ́tò sáré ìje. Ní 1911, òun àti William Durant dá ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Detroit. Òun àti Durant kò pẹ́ jà, ó bá tirẹ̀ lọ, orúkọ rẹ̀ ló kù síbẹ̀. Mẹkáníìkì ni. Ọmọ àgbẹ̀ ni Henry Ford ní Michigan. Láti kékeré ló ti ń tú aago palẹ̀ tó sì ń tò ó padà, nígbà tó di ọmọ ọdún 16, ó lọ sí Detroit lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Mọ́tò Model T tó ṣe láti 1908 títí di 1927 ju mílíọ̀nù 15 lọ. Ká ní ará Ẹgbẹ́dá òde òní ni bàbá rẹ̀, ì bá ti gba aago yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ì bá nà án, ì bá sì rán an lọ sí lẹ́sìnnì.

Mo mọ ohun tí òbí kan yóò sọ. Yóò ní, "Mo rí bí mẹkáníìkì ṣe ń gbé. N kò fẹ́ ìyà fún ọmọ mi." N kò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́yìn. Ìyà wà níbẹ̀. Òjò ń pa wọ́n, oòrùn ń pa wọ́n, kò sí owó ìfẹ̀yìntì, àwọn ọ̀gá kan ń lu ọmọ iṣẹ́ bí ẹni lu bàrà. Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, bí mo ṣe ń pè é títí di òní, ìka ọwọ́ rẹ̀ kan kò tẹ̀ mọ́ láti 1979 tí jáàkì ti yẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bi yín, ta ló sọ iṣẹ́ náà di àkìtàn? Bó bá jẹ́ pé ọmọ tí ilé-ìwé kọ̀ nìkan ni a ń dà síbẹ̀, tí ìjọba kò kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún wọn, tí a kò kọ́ wọn ní ìwé kún un, tí a sì ń ná wọn ní owó bí ẹni ná ata, báwo ni ìyà kò ṣe ní sí níbẹ̀? A sọ ọ́ di ibi ìyà tán, a wá ń tọ́ka sí ìyà náà pé kí ọmọ máà débẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní ayé kọ̀ǹpútà la wà, kí ni ọmọ fẹ́ fi mọ́tò 1964 ṣe? Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Láti ọdún 1996, òfin Amẹ́ríkà ni pé gbogbo mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ojú ihò kan tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ń wọ̀. Àwọn Camry àti Corolla tòkunbọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà dé Èkó, tí ẹ fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé ní Ọjọ́ọ̀ àti Olódó, wọ́n ní in. Bí a bá ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, ó lè kọ P0302 síta. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé sílíńdà kejì kò jó bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ń sanwó fún ẹlòmíràn kó bá wọn ka ohun tí kò ju lẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́rin lọ. Àmọ́ P0302 kò sọ bóyá púlọ́ọ̀gì ló gbó, bóyá kọ́ìlì ni, bóyá ẹnu tí epo ń gbà wọlé ló dí, tàbí fáàfù ló jó. Etí àti ọwọ́ ló ń sọ ìyẹn. Ẹni tó ní ìwé nìkan á máa pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí owó ọlọ́kọ̀ á fi tán. Ẹni tó ní ọwọ́ nìkan kò mọ sílíńdà tí yóò kọ́kọ́ tú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti Ọmọ Alágbẹ̀dẹ lójú ọ̀nà Ìwó ní 1971 ló ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ní Géètì àti ní Mọ́níyà báyìí, àfi pé kò sí tíṣà lórí àpótí.

Ní ọlidé tó kọjá, ọmọ ọmọ mi kan tó wà ní SS2 wá kí mi. Mo bi í bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ka gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìgbésẹ̀ mẹ́rin, kò ṣì kan. Ọmọ Alágbẹ̀dẹ wà níbẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, kí lọmọ yìí ń wí?" Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Fà, fún, jó, tú ló ń wí. Ó fa afẹ́fẹ́ àti epo sínú, ó fún un pọ̀, iná jó o, ó tú èéfín dànù." Ó wá bi ọmọ náà bóyá ó ti rí i rí. Kò rí i rí. Wọ́n ti yà á sójú pátákó fún un, wọ́n sì ti fún un ní máàkì 9 nínú 10.

A lọ sẹ́yìn ilé. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni Ọmọ Alágbẹ̀dẹ ti ń da ọ́yìlì sínú ẹ́ńjìnnì Impala náà kó lè rọ̀. Ó tú púlọ́ọ̀gì sílíńdà kìíní, ó ní kí ọmọ náà fi àtàǹpàkò dí ihò rẹ̀. Ó fi sípánà gígùn mú iwájú ẹ́ńjìnnì, ó ń fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà kígbe. "Ó ń ti ọwọ́ mi!" Ó yọ ọwọ́, afẹ́fẹ́ fọn jáde. Ó tún dí i. Ó ní kí wọ́n tún yí i. Ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n yí i, òógùn bo àgbàlagbà náà. Lẹ́yìn náà ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè tí èmi kò lè dáhùn, àwọn tí Ọmọ Alágbẹ̀dẹ dáhùn, àti méjì tí òun náà kò lè dáhùn tí a lọ wá nínú ìwé.

Ìyẹn ni ilé-ìwé. Gbogbo owó ìwé rẹ̀ ní ọdún márùn-ún kò ra ìṣẹ́jú yẹn fún un.

Ẹ má sọ fún mi pé ìjọba ti gbìyànjú. Mo wà níbẹ̀. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, wọ́n ní gbogbo ọmọ ni yóò kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì ra ẹ̀rọ láti òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ̀rọ dé, iná mọ̀nàmọ́ná kò dé, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò kò dé. Inú àpótí wọn ni ẹ̀rọ gbó sí. Mọ́tò àtijọ́ kò nílò iná mọ̀nàmọ́ná. Kò nílò kọ̀ǹtíránà láti ìlú òyìnbó. Ó ti wà lẹ́yìn ilé yín. Olùkọ́ rẹ̀ náà wà ní ẹ̀gbẹ́ títì, ohun tí yóò gbà lóòjọ́ kò sì tó owó ìpàdé kan ní ìjọba ìbílẹ̀.

Ní Cuba, láti ìgbà tí Amẹ́ríkà ti fòfin de òwò pẹ̀lú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí i, mọ́tò Amẹ́ríkà tuntun kò wọ ibẹ̀ mọ́. Chevrolet àti Ford ti ọdún 1950 sí i ṣì ń gbé èrò ní Havana títí di òní, nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rọ ohun tí wọn kò rí rà. Àwa ńkọ́? Àwọn tó ń ra irin kọ̀ndẹ́mù ń kiri láti Akínyẹlé dé Ọ̀nà-Àrà, wọ́n ń fi òòlù fọ́ Peugeot 504 àti Bedford sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń wọ̀n ọ́n ní kílò. Impala mi wúwo tó bíi 1,600 kílò. Wọ́n ti wá wò ó nígbà mẹ́ta. Àwọn ọmọ mi ní kí n tà á, pé ejò ń gbé inú rẹ̀. Òótọ́ ni, a ti pa méjì.

Kí wọ́n tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè wa, mo ní kí wọ́n wá gbé mọ́tò náà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní a ó ti da epo inú rẹ̀ nù, a ó yọ bátìrì, Ọmọ Alágbẹ̀dẹ yóò sì máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọ̀gá àgbà gbà mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún mi ní omi tútù. Ó ní èrò náà dára, ṣùgbọ́n kí n má bínú, àwọn òbí yóò fi ẹjọ́ sùn pé wọ́n ń sọ ọmọ àwọn di mẹkáníìkì. Bó ṣe sọ ọ́, bí ẹni pé ó sọ pé wọ́n ń sọ wọ́n di olè. Mo mu omi náà tán. Ohùn ara mi ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, ohùn 1967.

Nítorí náà n kò bá a jà. Ẹ̀yin òbí tí yóò fi ẹjọ́ sùn ni mo ń bá jà, ẹ̀yin gan-an tí ẹ ń ka ìwé yìí nítorí pé orúkọ ọmọ yín wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ni ọ̀gá àgbà ń bẹ̀rù. Bí òbí mẹ́wàá bá kọ lẹ́tà sí i pé àwọn fẹ́ ẹ́ńjìnnì kan sábẹ́ igi ní ọgbà ilé-ìwé, a ó gbé e dé ibẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Mo ti sọ fún àwọn oníkọ̀ndẹ́mù pé kí wọ́n má wá mọ́. Ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà ń ya, ikán ti jẹ etí rẹ̀, nítorí náà mo ti ń tú u sí Yorùbá sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé, pẹ̀lú àwòrán tí ọmọ ọmọ mi ń yà. A ti parí ẹ́ńjìnnì, a ti bẹ̀rẹ̀ gíà. Ọmọ Alágbẹ̀dẹ ní kí n ka ojú ewé tí mo kọ lánàá fún òun. Ó ní mo pe irin méjì ní orúkọ kan náà, pé bí ọmọ bá tẹ̀ lé mi, gíà yóò há. Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé kí a tún un kọ.